Omi Ọ̀ṣọ́ Nínú Ọgbà àti Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Omi ọ̀ṣọ́ ni omi tí onílé kó jọ sínú ọgbà tàbí síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí kì í ṣe fún mímu, tàbí fún oúnjẹ sísè, tàbí fún aṣọ fífọ̀, bí kò ṣe kí ojú lè máa wò ó, kí etí lè máa gbọ́ ìró rẹ̀, kí atẹ́gùn tí ó bá sì fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá lè tu ara ẹni tí ó jókòó. Ó lè jẹ́ adágún kékeré tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìsun àtọwọ́dá, èyí tí ẹ̀rọ ń ti omi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí ó fi ń tú sókè, tí ó sì ń padà já bọ́ sínú agbada òkúta. Ó sì lè jẹ́ ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo tí omi ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láyé òde òní, àwọn tí ń kọ́ ilé ńlá ní Ìlọrin, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àbújá, lè fi irú omi bẹ́ẹ̀ kún àwòrán ilé wọn bí wọ́n bá fẹ́, nítorí pé kànga ẹ̀rọ, táńkì àti iná sólà ti mú un rọrùn. Ìbéèrè tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oníṣẹ́ ọgbà nìkan. Ìbéèrè ẹ̀sìn àti ti làákàyè ni: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi omi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ilé rẹ̀, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ti ń fi owó ra omi tí wọn yóò mu?

Ọjà-Ọba ní Ìlọrin ni ibi tí ó yẹ kí a ti yẹ ìbéèrè náà wò, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ìlò omi gbogbo ti pàdé. Ààfin Ẹ́míà Ìlọrin wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ọ́ tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1981 wà nítòsí rẹ̀. Ọjà tí ó fún àdúgbò náà ní orúkọ sì nà síwájú wọn. Bí àkókò ìrun bá ti ń súnmọ́, ọlọ́jà á fi aṣọ bo àtẹ rẹ̀, á bu omi sínú kẹ́tù, á sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà láti ṣe àlùwàlá, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrun: á fọ ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́, á yọ ẹnu, á fa omi sí imú, á bọ́jú, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á fi ọwọ́ tútù pa orí àti etí, á wá fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju omi inú kẹ́tù kan lọ, àwọn mìíràn á sì tún ṣẹ́ èyí tí ó kù fún ẹni tí ó tẹ̀lé wọn. Omi kan náà yìí ni alásè ọjà fi ń se oúnjẹ, òun ni alápatà fi ń ṣan pẹpẹ, òun sì ni àwọn tí ń ti ọmọlanke ń tà káàkiri nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba kò bá yọ. Ìlú tí Odò Àsà là kọjá ni Ìlọrin, ìdídò Àsà àti ti Àgbá ni ìjọba sì fi ń pèsè omi fún un; síbẹ̀, kànga àti kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ ilé gbára lé.

Ó ṣe pàtàkì kí a kọ́kọ́ mú àṣìlóye kan kúrò lọ́nà, èyíinì ni èrò pé àṣà òyìnbó ni kí omi wà nínú ilé fún ẹwà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn bí Frank Willett àti Peter Garlake hú ilẹ̀ àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ jáde, àpáàdì tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìlà bí ẹni ń hun ẹní. Ní àárín díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ri ìkòkò mọ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé omi ètùtù ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Agbo-ilé Yorùbá àtijọ́ pẹ̀lú, àgbàlá ni ó máa ń wà láàárín rẹ̀, òrùlé yàrá gbogbo á dà sí inú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé nígbà òjò, ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni yóò máa ya láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n gbé dè é. Àwọn ọmọ á wẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn àgbà á jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ máa wò ó, ìyá ilé á sì ti mọ̀ pé omi òla ti wà nílẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ya omi tí a ń wò sọ́tọ̀ kúrò lára omi tí a ń mu. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn gan-an ni ohun tuntun tí omi ọ̀ṣọ́ òde òní mú wọlé, òun ni ó sì bí ìbéèrè tí a ń gbé yẹ̀ wò.

Àmù ni àpẹẹrẹ omi tí a kò yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó dára jù lọ ní Ìlọrin. Ìlú yìí lókìkí fún iṣẹ́ amọ̀. Ní ibi ìmọkòkò Dada ní Òkèlele, àwọn obìnrin ṣì ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń fi koríko àti igi sun ún. Àmù tí a bá sun dáadáa máa ń ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí lára, omi inú rẹ̀ á máa rìn jáde díẹ̀díẹ̀ sí ara ìkòkò, atẹ́gùn á gbé e lọ, bí ó sì ti ń gbé e lọ ni yóò máa fa ooru jáde kúrò nínú omi tí ó kù. Ìdí nìyí tí omi àmù fi máa ń tutù jù lọ nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. A ó gbé e sí abẹ́ igi tàbí sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó da iyanrìn sí ìdí rẹ̀ kí ó lè dúró ṣinṣin, a ó fi ọmọrí bò ó, a ó sì dojú ife dé orí ọmọrí. Ara ìkòkò náà á máa dán fún òógùn omi. Ohun tí ó wu ojú ni, ó ń tu ibi tí ó wà lára, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ lè bu mu nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Bí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù, àwọn tí ó bá rò pé ẹ̀sìn kò fẹ́ ẹwà yóò bá ohun tí wọn kò retí pàdé. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ńlá lórí ìsọjí àwọn ìmọ̀ ẹ̀sìn, Ihya, pé ènìyàn lè fẹ́ràn ohun kan nítorí ohun náà fúnra rẹ̀, láìwá èrè mìíràn lára rẹ̀, ohun tí ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ ni ewéko tútù àti omi tí ń ṣàn: ó ní ènìyàn ń fẹ́ràn wọn láìjẹ́ pé ó fẹ́ jẹ ewéko náà tàbí pé ó fẹ́ mu omi náà. Àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú al-Ghazali. Orí rẹ̀ ni ó gbé àlàyé rẹ̀ lé pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dá fẹ́ràn Ọlọ́hun nítorí Ọlọ́hun, kì í ṣe nítorí ohun tí ó ń retí gbà nìkan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jókòó ti omi tí ń ṣàn nínú ọgbà rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, kò ṣe ohun tí ó kéré. Ó ń kọ́ ọkàn rẹ̀ ní irú ìfẹ́ tí ó ga jù.

Àlùkùráánì pàápàá, nígbà tí ó bá ń ṣàpèjúwe Alùjánnà, kì í pẹ́ kí ó tó mẹ́nu ba àwọn odò tí ń ṣàn nísàlẹ̀ ọgbà, ó sì dárúkọ àwọn ìsun bíi Salsabil àti Tasnim. Ṣùgbọ́n àwọn ìsun wọ̀nyẹn, mímu ni wọ́n wà fún. Ẹwà wọn àti ìwúlò wọn kò pínyà. Ohun kan tún wà nínú Súúrà Àáráàfù, tí ó jẹ́ ìkeje, tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ ọgbà olómi ní àárín àwọn tí kò ní omi rò dáadáa: níbẹ̀ ni àwọn èrò iná ti ń ké sí àwọn èrò ọgbà pé kí wọ́n da omi díẹ̀ sí àwọn, tí gàgá sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn èrò ọgbà kò fún wọn, nítorí pé Ọlọ́hun ni ó ṣe é léèwọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń tọrọ náà, lẹ́yìn tí ìṣirò iṣẹ́ ti parí. Ní ayé, ìṣirò kò tíì parí fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun kò fún onílé kan láṣẹ láti fi ògiri rẹ̀ ṣe gàgá yẹn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ jù ni Gránádà, ní ilẹ̀ Andalus tí í ṣe gúúsù Sípéènì lónìí. Mazhab Maliki, èyíinì ni ọ̀nà ìtúmọ̀ òfin tí Imam Malik ìlú Madínà fi lélẹ̀, ni wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń tẹ̀lé ní Ìlọrin títí di òní. Nítorí náà, ohun tí àwọn ará Gránádà ṣe pẹ̀lú omi kì í ṣe ohun àjèjì fún àfáà Ìlọrin. Abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n wà. Nínú ààfin Alhambra, Sultan Muhammad Karùn-ún, tí ó jọba títí di ọdún 1391, kọ́ àgbàlá kan tí kìnnìún òkúta 12 gbé agbada ìsun sẹ́yìn, tí ojú omi tóóró mẹ́rin sì ti pàdé lábẹ́ rẹ̀. Ní ìlú yẹn kan náà, lábẹ́ ìjọba ọba kan náà, ni Abu Ishaq al-Shatibi gbé, ẹni tí ó kú ní ọdún 1388, tí ó kọ ìwé al-Muwafaqat. Nínú ìwé náà ni ó ti pín ohun tí òfin Ọlọ́hun ń dáàbò bò fún ẹ̀dá sí ipele mẹ́ta: darūriyyāt, ìyẹn kòṣeémánìí, tí ẹ̀mí àti ẹ̀sìn yóò bàjẹ́ bí kò bá sí, hājiyyāt, ìyẹn ohun tí ń mú ìnira kúrò, àti tahsīniyyāt, ìyẹn ohun tí ń mú ayé dára, tí ń mú ìwà gún régé. Al-Shatibi kò kẹ́gàn ipele kẹta. Ó kà á sí odi tí ó yí ipele àkọ́kọ́ ká, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá fojú fo èyí tí ó kéré yóò fojú fo èyí tí ó tóbi láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lélẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀: ohun ìmúdára kò gbọ́dọ̀ ba kòṣeémánìí jẹ́, bí ó bá sì bà á jẹ́, ó ti sọ ara rẹ̀ nù.

Omi ọ̀ṣọ́, ipele kẹta ni ó wà. Omi mímu, ipele àkọ́kọ́. Tí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí Gránádà ṣe gbìyànjú láti má jẹ́ kí omi ọ̀ṣọ́ ba omi mímu jẹ́, ọ̀nà tí omi náà gbà wọlé àti ọ̀nà tí ó gbà jáde ni kí ó tọpinpin. Odò Darro ni wọ́n ti ya á, nǹkan bí kìlómítà 6 sí òkè ìlú, tí ó sì ń gba ojú omi àtọwọ́dá ṣàn wá fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ya á ga ju ààfin lọ. Kì í dúró sí ọ̀dọ̀ ọba. Bí ó bá ti kọjá nínú àgbàlá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bomi rin ọgbà oúnjẹ. Fez ní ilẹ̀ Mòrókò jọ ọ́, ó tilẹ̀ ṣe dáradára jù ú lọ ní ọ̀nà kan: omi odò kan náà ni wọ́n pín sí ilé olówó, sí mọ́ṣáláṣí àti sí àwọn ìsun ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè bu mu, tí wákàfù sì ń tọ́jú, ìyẹn ohun ìní tí ẹni kan ti yọ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn títí láé. Àwọn ìsun ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn lẹ́wà púpọ̀, wọ́n fi táìlì aláràbarà ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Aláàárù tí kò ní ọgbà ń jẹ ìgbádùn ọ̀ṣọ́ omi bí ọlọ́rọ̀ ti ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti Versailles ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Ọba Louis Kẹrìnlá ti kọ́ ìsun púpọ̀ ju omi tí ó ní lọ. Wọ́n parí ẹ̀rọ ńlá kan ní Marly ní ọdún 1684, tí ó ní àgbá kẹ̀kẹ́ 14, kí ó lè máa fa omi Odò Seine gòkè. Síbẹ̀ omi kò tó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ á máa súfèé síra wọn kí wọ́n lè ṣí ìsun tí ọba fẹ́ kọjá lára rẹ̀, kí wọ́n sì ti èyí tí ó ti kọjá. Omi tí ojú ẹnìkan péré ni ó wà fún ni ìyẹn. Onílé tí ó kọ́ ìsun sẹ́yìn ògiri gíga ní Ìlọrin, kí ó tó yan àwòrán kìnnìún tàbí ti ẹyẹ tí yóò gbé agbada rẹ̀, ó yẹ kí ó ti mọ èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni òun ń tọ̀.

Òfin ńkọ́? Àwọn méjì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, òfin ìná-àpà àti òfin àṣẹ́kù omi. Risala, ìwé òfin Maliki tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, tí ó kú ní ọdún 996, tí àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá àti ti Haúsá sì ti ń kà fún àwọn ọmọ kéwú láti ìgbà pípẹ́, sọ pé lílo omi díẹ̀ pẹ̀lú fífọ ara dáadáa ni sunna, ìyẹn ìṣe Ànọ́bì, àti pé àṣejù nínú omi jẹ́ àdádáálẹ̀. Ó fi kún un pé múdù kan ni Ànọ́bì, kí ikẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá, tí ó sì ń fi sáà kan, tí í ṣe múdù mẹ́rin, wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn. Múdù ni ohun tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀, kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan lọ. Hàdíísì kan tilẹ̀ wà tí ó kìlọ̀ fún Saad ọmọ Abi Waqqas pé ìná-àpà lè wọ inú àlùwàlá kódà bí ó jẹ́ etí odò tí ń ṣàn ni ó wà. Àwọn onímọ̀ hàdíísì sọ pé ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ bá ti Risala mu.

Ẹni tí ó ní ìsun lè dáhùn pé òun kò fi omi ṣòfò, nítorí pé ẹ̀rọ kan náà ni ó ń fa omi sókè tí ó sì ń gbà á padà. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn náà, kì í sì í ṣe òótọ́ kékeré. Ìsun tí omi rẹ̀ ń yí padà sàn ju ọgbà tí wọ́n ń fi páìpù fọ́n omi sí láàárọ̀ lálẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ń gba tirẹ̀. Bí fífẹ̀ agbada bá jẹ́ mítà méjì ní ìbú àti ní òró, tí oòrùn àti ọyẹ́ sì fa mìlímítà 5 péré lójú omi ní ọjọ́ kan, lítà 20 ni ó ti lọ, láìka èyí tí ń ta jáde nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Bí a bá fi múdù wọ̀n ọ́n, omi àlùwàlá tí ó ju ti ènìyàn 25 lọ ni. Ìṣirò yìí kò sọ ìsun di hàrámù. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ìmọ̀lára, ó sì jẹ́ kí onílé mọ iye tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ń ná, kí ó lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Òfin kejì le jù láti túmọ̀. Hàdíísì tí Abu Dawud gbà wá sọ pé omi wà lára àwọn ohun mẹ́ta tí àwọn Mùsùlùmí jùmọ̀ ní, òmíràn sì kọ̀ fún ènìyàn láti ṣẹ́ àṣẹ́kù omi mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Síbẹ̀, Risala sọ gbangba pé ẹni tí ìsun tàbí kànga bá wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ lè dá omi náà dúró fún ara rẹ̀, àyàfi bí kànga aládùúgbò rẹ̀ bá wó, tí irè oko aládùúgbò náà sì fẹ́ kú. Nígbà náà, kò gbọdọ̀ fi àṣẹ́kù du ú. Àwọn onímọ̀ sì fi kún un pé ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa ní ẹ̀tọ́ sí omi ibikíbi tí ó bá wà. Ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: lábẹ́ òfin Maliki, adájọ́ kò lè fi túláàsì mú olówó Ìlọrin láti ṣí kànga ẹ̀rọ rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò ní ọjọ́ tí kò sí ìnira. Àwọn oníwàásù tí ń sọ pé dandan ni nígbà gbogbo ń sọ ju ohun tí ìwé sọ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin Maliki kan náà ni ó ń mú ọ̀rọ̀ harīm wá, ìyẹn àyíká kànga tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá máa dín omi kànga àkọ́kọ́ kù. Imam Malik kò fi iye ẹsẹ̀ kan pàtó sí i. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti le tàbí rọ̀ sí ni. Èyí kan Ìlọrin gan-an, nítorí pé orí òkúta líle àtijọ́ ni ìlú náà jókòó lé, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ bí ẹni pé odò ńlá ń ṣàn lábẹ́; inú erùpẹ̀ tí òkúta ti jẹrà dà àti inú ojú ibi tí òkúta ti sán ni ó wà. Kànga ẹ̀rọ tí ó jìn, tí ẹ̀rọ ń fà lọ́sàn-án lóru, lè mú kí omi kànga tí àwọn bàbá ńlá ẹlòmíràn fi ọwọ́ gbẹ́ lọ sílẹ̀. Bí omi tí ó kún agbada ọ̀ṣọ́ bá jẹ́ omi tí a fà láti abẹ́ ilé aládùúgbò, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àṣẹ́kù. Ó ti di ìpalára, ìlànà Ìsìláàmù sì ni pé kò sí ìpalára, kò sí fífi ìpalára san ìpalára.

Ìpalára kan tún wà tí òfin kò dárúkọ, tí làákàyè sì lè rí. Ìró omi kì í dúró sẹ́yìn ògiri. Ẹwà ojú lè jẹ́ ti onílé nìkan, ṣùgbọ́n ìró ìsun á rékọjá ògiri lọ sí ilé obìnrin tí ó ti tò fún omi láti ìdájí, tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sì ṣófo. Kò sí adájọ́ tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni èyí, ọmọlúàbí kì í sì í dúró títí adájọ́ yóò fi ránṣẹ́ pè é kí ó tó mọ ohun tí ó yẹ. Nígbà tí ìyá Saad ọmọ Ubada kú, tí ọmọ náà bi Ànọ́bì léèrè sàárà tí ó dára jù lọ tí òun lè ṣe fún un, omi ni ìdáhùn, Saad sì gbẹ́ kànga fún àwọn ènìyàn ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ Ìlọrin mọ ìtàn yìí láti ilé kéwú, àwọn kan nínú wọn sì ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà ní orúkọ òbí wọn. Wọ́n káre. Ohun tí ó kù ni kí a má ṣe jẹ́ kí omi sàárà jẹ́ èyí tí kò lẹ́wà, páìpù kan tí ó yọ lára ògiri, tí ẹrẹ̀ wà nídìí rẹ̀, nígbà tí gbogbo ọ̀ṣọ́ wà nínú lọ́hùn-ún.

Nítorí èyí, ibi tí omi ọ̀ṣọ́ ti yẹ jù lọ ní Ìlọrin ni àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà, ní Ọjà-Ọba àti níbi àlùwàlá àwọn mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Omi tí a fi ṣe àlùwàlá tán, mímọ́ ni lójú Maliki, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí a tún fi ṣe àlùwàlá mìíràn níwọ̀n ìgbà tí omi mìíràn bá wà. Dípò tí ì bá fi máa lọ sínú gọ́tà, ó lè máa ṣàn lọ sí ìdí òdòdó àti igi ìbòòji. Àwọn amọ̀kòkò Dada lè mọ agbada tí yóò gbé omi náà láti ìkòkò dé ìkòkò. Oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ni yóò jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀, aláàárù ọjà ni yóò sì máa wò ó.

Ẹni tí ó bá sì ṣe tirẹ̀ sínú ilé, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí kò gbọdọ̀ fojú fò. Omi tí kò mira ń di ibùsùn ẹ̀fọn, ẹyin ẹ̀fọn sì lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà kí omi máa ṣàn tàbí kí ẹja tí ń jẹ ìdin ẹ̀fọn, bí ẹ̀pìà, wà nínú rẹ̀. Ibà kì í yan ilé ẹni tí ó fà á. Adágún tí ọmọdé lè dé ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ààbò. Bákan náà, àwọn tí ń da aró sínú ìsun kí ó lè ní àwọ̀ búlúù ti yọ omi náà kúrò nínú omi tí ó yẹ fún àlùwàlá, nítorí pé ohun àjèjì ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n omi tí ewédò hù nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tí ó pẹ́ nílẹ̀ tí ó fi yí padà, ṣì yẹ fún un. Kò sí ìdí tí omi inú ilé Mùsùlùmí yóò fi wà nílẹ̀ tí àlejò kò ní lè fi ṣe àlùwàlá.

Kò lòdì sí ẹ̀sìn, kò sì lòdì sí làákàyè, kí ènìyàn ní omi tí ń ṣàn nínú ọgbà rẹ̀ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ ti wà lóde ògiri, tí aládùúgbò lè ṣí láìtọrọ àyè, kí ìsun inú ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí omi tí ó wà kò bá tó fún méjèèjì, ti òde ni kí ó ṣe, kí ó fi ti inú sílẹ̀. Bí oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà bá sì dé, tí kànga àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kí onílé pa ẹ̀rọ ọ̀ṣọ́ rẹ̀, kí ó gbọ́n agbada náà gbẹ, kí ó sì jẹ́ kí omi tí ì bá kún un lọ sínú kẹ́ẹ̀gì àwọn tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.